Ológbò tí a ò mọ olówó rẹ̀ wọlé tọ̀ wá, ìyàwó mi sì wà nínú oyún: kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Àkànbí_N

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ tinú tòde ológbò. Akọ ológbò kan ti ń sùn lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa láti ọjọ́ mélòó kan. Àwọ̀ eérú ló ní, ó rù débi pé èèyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀. Ẹ̀rù èèyàn ò bà á. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á wá máa fi orí ra mí lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò yá. Ojú ọ̀tún ń ṣe ipin, ó ń sín ṣáá, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ò sì kúrò nínú etí, ó ń họ ọ́ tọ̀sán tòru. Lánàá ó tẹ̀ lé mi wọlé. Mo há a mọ́ yàrá àlejò, torí a ti ní ológbò tiwa tẹ́lẹ̀, abo ni, ó ti dàgbà.

Ohun méjì ló ń já mi láyà. Ìyàwó mi wà nínú oyún oṣù 4, ìyá rẹ̀ sì ti ní ológbò máa ń ba oyún jẹ́. Èkejì, ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún 6, gbá a mú lójijì láàárọ̀ yìí, ó sì fi èékánná ha á lápá. Kò jinlẹ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ yọ. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ṣé kí n wẹ̀ ẹ́, kí n fún un ní wàrà, àbí kí n kúkú gbé e padà síta?

Ìyá_Ológbò

Ẹ kú àánú ṣíṣe, ẹ̀gbọ́n. Ibi tẹ́ ẹ há a mọ́ yẹn gan-an ló yẹ kó wà. Ẹ fi í síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán, kí abo ológbò àgbà ilé yín má dé ibẹ̀ rárá. Àwo omi tiẹ̀, àwo oúnjẹ tiẹ̀, páálí tẹ́ ẹ dá ihò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè ríbi sá pamọ́ sí, àti àwo yanrìn tí á máa ṣu sí, kó jìnnà sí oúnjẹ. Ẹ máa fọwọ́ yín tẹ́ ẹ bá jáde níbẹ̀, ẹ sì pààrọ̀ ẹ̀wù kẹ́ ẹ tó gbé ti ilé mọ́ra.

Ẹ má wẹ̀ ẹ́. Ológbò tó rù tí ara rẹ̀ ò sì yá, òtútù á mú un kíákíá, jìnnìjìnnì omi á tún wá kún un. Bí ìdọ̀tí bá pọ̀, aṣọ tẹ́ ẹ rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ́ ẹ fún dáadáa ti tó.

Wàrà, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ológbò tó bá ti kúrò lẹ́nu ọmú, inú ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í lè lọ ṣúgà inú wàrà mọ́. Ìgbẹ́ gbuuru ló máa dà, èyí tó gbẹ bíi tiyín yẹn ò sì ní omi tó máa fi ṣòfò. Ẹ fún un lómi lásán. Oúnjẹ náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀mẹrin sí ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́. Ẹ má gbé àwo kíkún fún un lẹ́ẹ̀kan. Ẹran tí ebi ti pa pẹ́, bí wọ́n bá ṣàdédé rọ oúnjẹ sí i níkùn, àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dàrú, ó sì lè kú nígbà tẹ́ ẹ rò pé ó ti yó.

Bó bá sún mọ́ oúnjẹ tó sì ń kọ̀ ọ́, imú rẹ̀ tó dí ni. Ológbò tí kò gbóòórùn kì í jẹun. Ẹ mú oúnjẹ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí òórùn rẹ̀ lè tú jáde. Tó bá fi lé ní ọjọ́ kan tí kò fẹnu kan nǹkan kan, ẹ má dúró mọ́, torí ẹ̀dọ̀ ológbò tí kò jẹun fún ọjọ́ 2 tàbí 3 máa ń dàrú, ọ̀rá á bò ó.

Nọ́ọ̀sì_Ẹranko

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló ṣáájú ti ológbò. Ẹ̀gbọ́n Àkànbí, ṣé ẹ ti fọ ojú ibi tó ha? Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ máa wo aago. Ìṣẹ́jú 15 máa ń gùn tí ọmọ bá ń ké, ẹ má dín in. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí.

Mi ò sọ pé àrùn dìgbòlugi ń ṣe ológbò yẹn o. Ẹ ò mọ ibi tó ti wá, ẹ ò mọ̀ bóyá ó gba abẹ́rẹ́ rí, ẹ̀jẹ̀ sì yọ. Inú itọ́ ni àrùn yẹn ń gbé, ológbò sì máa ń fi ahọ́n lá ọwọ́ àti èékánná rẹ̀. Nínú ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé, bí èékánná bá kàn fa ilà sára láìsí ẹ̀jẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n ń sọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti yọ, ó ti bọ́ sí ìpele kẹta: abẹ́rẹ́ àjẹsára, pẹ̀lú oògùn kan tí wọ́n ń gún sí ojú ọgbẹ́ gan-an. Dókítà á wo bí àrùn náà ṣe wọ́pọ̀ tó níbi tẹ́ ẹ wà kó tó pinnu, á sì bi yín nípa abẹ́rẹ́ tetanus. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kẹ́ ẹ dúró wo bó ṣe máa rí. Kí àmì àrùn yẹn tó hàn, abẹ́rẹ́ ń gbani. Tó bá ti hàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sẹ́ni tó ń yè é.

Ti ológbò wàyí. Ẹ má gbé e síta, ẹ má sì jẹ́ kó sá lọ. Bó bá wà lójú yín fún ọjọ́ 10 tí kò kú, tí ìṣe rẹ̀ ò sì yí padà, a jẹ́ pé kò sí fáírọ́ọ̀sì náà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ha ọmọ. Ìgbà tí àrùn náà bá fi máa wọ itọ́ ológbò, ọjọ́ díẹ̀ ló kù fún un láyé. Bẹ́ ẹ bá lé e lọ, ẹ ti sọ ẹ̀rí nù, ọmọ á sì gba gbogbo abẹ́rẹ́ láìnídìí. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní dúró de ọjọ́ 10 kẹ́ ẹ tó gbé ọmọ lọ o! Méjèèjì á máa lọ pọ̀.

Lámọ̀ràn

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Aláboyún wà nílé, ọmọ kékeré wà nílé, ológbò àgbà wà nílé, ẹ wá ń kọ́ ọkùnrin yìí bó ṣe máa tọ́jú aláìsàn tí kò mọ̀ rí. Mo fẹ́ràn ẹranko, ajá mẹ́ta ni mo ní. Ṣùgbọ́n Toxoplasma, kòkòrò àìfojúrí inú ìgbẹ́ ológbò tó lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Tí ọjọ́ 10 yẹn bá pé, kó gbé e fún àwọn tó ń tọ́jú ẹranko aláìnílé, kí ọkàn onílé balẹ̀.

Àdùnní_B

Ẹ̀gbọ́n Lámọ̀ràn, ìbẹ̀rù yín ò burú, àmọ́ ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ torí aláboyún tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Mo bí ọmọ méjì nínú ilé tí ológbò wà.

Bí Toxoplasma ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ológbò máa ń kó o láti ara eku, ẹyẹ, tàbí ẹran tútù tó bá jẹ. Lẹ́yìn náà, á máa ṣu ẹyin rẹ̀ jáde fún bí ọ̀sẹ̀ 1 sí 3. Ó sábà máa ń jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré láyé rẹ̀, nígbà tó kọ́kọ́ kó o. Ẹyin tó wà nínú ìgbẹ́ tútù ò tíì lè ran ẹnikẹ́ni. Ó di ọjọ́ 1 sí 5 kó tó gbó. Ẹni tó bá ń kó ìgbẹ́ ológbò lójoojúmọ́, kó tó gbó ló ti kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá dúró di òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wá wàhálà.

Ìyẹn ni pé bàbá ni yóò máa kó o. Ìyàwó ò ní fọwọ́ kan àwo yanrìn náà títí tó fi máa bímọ, bó bá sì di dandan, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Omi gbígbóná tó ń hó ni kẹ́ ẹ máa fi ṣan àwo yẹn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé bílíìṣì níbi ọ̀rọ̀ Toxoplasma, kì í pa ẹyin rẹ̀.

Ohun tí ìyá ìyàwó kì í sábà gbọ́ ni pé ẹran tí kò jinná, ewébẹ̀ tí wọn ò fọ̀ dáadáa, àti yẹ̀pẹ̀ inú ọgbà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó o, ju ara ológbò tó ń sùn lórí àga lọ. Dídi ológbò mú, fífi ọwọ́ pa irun rẹ̀, ìyẹn kọ́ ni ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Kí ìyàwó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò níbi tó ti ń ṣe ìtọ́jú oyún. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ó ti ní i rí kó tó lóyún, ọmọ inú rẹ̀ ti ní ààbò, àfi tí agbára ìdènà àrùn rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ gan-an. Bí kò bá ní i rí, ìgbà yẹn ni ìṣọ́ra máa le.

Ẹ jẹ́ kí ìyá ìyàwó náà gbọ́, àmọ́ ẹ rọra sọ ọ́. Ẹ̀rù ọmọ ọmọ ló ń bà á.

Lámọ̀ràn

Àdùnní, mo gbọ́. Tó bá ti jẹ́ pé ó máa dúró, ẹ̀gbọ́n Àkànbí, ẹ jẹ́ kí n ṣe yín lóore. Oògùn eégbọn tí mò ń kán sẹ́yìn àwọn ajá mi ṣẹ́ kù. Ìdajì rẹ̀ á tó ológbò. Alẹ́ ọjọ́ kan péré, gbogbo kòkòrò ara rẹ̀ á ti kú.

Nọ́ọ̀sì_Ẹranko

RÁRÁ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Kò sí ìdajì, kò sí ìlàrin.

Ọ̀pọ̀ oògùn eégbọn ajá ló ní permethrin nínú. Ẹ̀dọ̀ ajá lè fọ́ ọ túká, ti ológbò ò lè fọ́ ọ. Ohun tó máa tẹ̀ lé e ni kí ara ológbò máa gbọ̀n, kí etí rẹ̀ máa já, kí gìrì gbé e, kó sì kú. Kódà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ajá àti ológbò nínú ilé kan náà, ẹ má jẹ́ kí ológbò sùn ti ajá tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kán oògùn yẹn sí lára. Ẹ wo ara páálí oògùn: bí àwòrán ológbò ò bá sí níbẹ̀, tí wọn ò sì kọ ìwọ̀n ológbò sí i, kì í ṣe tiẹ̀.

Bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, ẹ gbé paracetamol náà jìnnà. Ibà ń ṣe ológbò, ẹnì kan á rò pé oògùn ibà èèyàn á dín in kù. Hóró kan lè pa á. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ní lè gbé atẹ́gùn mọ́, èrìgì rẹ̀ á yí padà di àwọ̀ ilẹ̀, ojú àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á wú. Bó bá ti jẹ ẹ́, ẹ má dúró de àmì, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀. Oògùn tó ń gbéjà kò ó wà, àmọ́ bí wọ́n bá tètè fún un ló ń ṣiṣẹ́. Àti òdòdó lílì, tó bá wà nínú ìkòkò òdòdó yín: ewé rẹ̀, ìyẹ̀fun rẹ̀, omi tó wà nínú rẹ̀ pàápàá, gbogbo rẹ̀ ló ń ba kíndìnrín ológbò jẹ́.

Lámọ̀ràn

Ẹ má pariwo mọ́ mi. Ajá ni mo mọ̀, n kò sọ pé mo mọ ológbò. Kí wọ́n ra ti ológbò nígbà náà.

Àkànbí_N

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìròyìn rèé.

Ọmọ ti gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì gún oògùn ojú ọgbẹ́ náà sí i. Wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ kẹta, ọjọ́ keje àti ọjọ́ kẹrìnlá. Ó ké, àmọ́ ó ti ń fi pílásítà rẹ̀ ṣe fọ́ńté láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ológbò wọn kílò 2.7, dókítà ẹranko ní kílò 4 ló yẹ kí akọ tí egungun rẹ̀ rí báyìí wọn. Eyín rẹ̀ ló fi díwọ̀n ọjọ́ orí, bí ọdún 2 sí 3. Ìgbóná ara rẹ̀ jẹ́ 39.8, nígbà tí ti ológbò tó dá ṣáṣá kì í sábà kọjá 39.2. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń wá ṣíìpù lábẹ́ awọ, èyí tó ń jẹ́ ká mọ olówó ẹran, gba ọrùn àti èjìká rẹ̀, kò dún. A ti bi àwọn ará àdúgbò, kò sẹ́ni tó ń wá a. Aràn wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Sísín àti ipin ojú, wọ́n ní ọ̀fìnkìn ológbò ni, wọ́n fún wa ní oògùn ojú.

Etí ló yà mí lẹ́nu jù. Dókítà fi òwú yọ ìdọ̀tí dúdú kan tó gbẹ rúmúrúmú jáde, ó tẹ́ ẹ sórí bébà dúdú, ó gbé iná sí i, ó ní kí n fi awò wò ó. Àwọn nǹkan funfun kéékèèké ń rìn nínú ẹ̀! Mo ti ń họ etí tèmi látìgbà náà.

Gbogbo ìyẹn mo lè gbé. Èyí tí mi ò lè gbé ni pé wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, FeLV, fáírọ́ọ̀sì tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ológbò, ò sí lára rẹ̀, ṣùgbọ́n FIV, fáírọ́ọ̀sì tó ń ba agbára ìdènà àrùn ológbò jẹ́, wà. Ẹnì kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní àrùn éèdì ológbò ni. Ìyàwó mi gbọ́. Látìgbà náà la ò tíì sùn. Ṣé ó lè ran ọmọ? Ṣé ká ní kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ikú ni?

Ìyá_Ológbò

Háà, ẹ má gún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́ ikú! Àkọ́bí inú àwọn tèmi, FIV wà lára rẹ̀, ó sì ń bá mi jà lórí ìrọ̀rí títí dòní.

FIV kì í ran èèyàn. Ní 1986 ni wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì yẹn ní Kalifóníà. Ara ẹbí ológbò ló ń gbé, kò wọ inú èèyàn. Aláboyún, ọmọ, àgbàlagbà, kò kan ẹnì kan nínú wọn. Láàárín ológbò sí ológbò, eyín tó wọlé jinlẹ̀ nígbà ìjà ló ń gbé e kiri. Ìdí nìyẹn tó fi wọ́pọ̀ lára akọ tí wọn ò tẹ̀ lọ́dàá tó ń jà kiri ìta. Jíjẹ nínú àwo kan náà tàbí kí wọ́n máa lá ara wọn, ewu rẹ̀ kéré púpọ̀.

FeLV tí wọ́n ní kò sí lára rẹ̀ yẹn gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ dúpẹ́ sí. Ìyẹn a máa gba inú itọ́ àti àwo oúnjẹ ràn, ó sì máa ń pa wọ́n léwe.

Nọ́ọ̀sì_Ẹranko

Màmá ti sọ ọ́. Díẹ̀ ni mo fẹ́ fi kún un. Àyẹ̀wò tó yá kíákíá yẹn kì í wá fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Ohun tí ara pèsè láti bá a jà ló ń wá. Ó lè ṣìnà. Ẹ ní kí wọ́n fi irú àyẹ̀wò mìíràn tún un ṣe, kẹ́ ẹ tó gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí ọmọ ológbò he, tí kò tíì pé oṣù 6, tí wọ́n sì ní FIV wà, ẹ má sunkún: ó lè jẹ́ ti ìyá rẹ̀ ló gba inú wàrà ọmú wọ̀ ọ́ lára, á sì ti kúrò tó bá yá.

Bó bá wà lóòótọ́, ilé ni kó máa gbé, kó má jáde mọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá kó yé jà. Ẹ má fún un ní ẹran tútù. Ẹ máa tètè gbé e lọ tí ẹnu rẹ̀ bá ń rùn tàbí tó bá ń sín jù, torí ara rẹ̀ ò ní tètè bá àrùn jà. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbé iye ọdún tí ológbò mìíràn ń gbé.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́jọ́ yẹn?

Àkànbí_N

Rárá. Ó ní ó di ìgbà tí ọjọ́ 10 bá pé. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀, mo rò pé ìyẹn ló yẹ kó ṣáájú.

Nọ́ọ̀sì_Ẹranko

Ó mọṣẹ́. Bó bá gún un nísinsìnyí, tí ara ológbò wá ṣe ségesège fún ọjọ́ kan nítorí abẹ́rẹ́, ẹ ò ní mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ni àbí àrùn ló ń yọjú. Kó dúró. Ti abo ilé yín, ọjọ́ wo ló gba àjẹsára gbẹ̀yìn?

Àkànbí_N

Ó ti pẹ́. Ọmọdé ni, nígbà tá a mú un.

Nọ́ọ̀sì_Ẹranko

Ẹ gbé òun náà lọ. Kì í ṣe FIV ló ń bà mí lẹ́rù fún un, panleukopenia ni, àrùn tó máa ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa ológbò. Fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ lè wà lórí ilẹ̀ yàrá fún ọdún kan, bàtà yín lè gbé e kúrò ní yàrá àlejò. Ibi tí bílíìṣì ti wúlò nìyí: ìwọ̀n kan sínú omi ìwọ̀n 32, kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà lórí ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 kẹ́ ẹ tó nù ún, kẹ́ ẹ sì ṣan án dáadáa kí ológbò tó padà tẹ̀ ẹ́. Kòkòrò etí náà máa ń rìn láti ara ọ̀kan lọ sí ara èkejì tí wọ́n bá fara kanra, nítorí náà ẹ ní kí dókítà fún àwọn méjèèjì ní oògùn, kódà bí etí ti àgbà bá mọ́ tónítóní.

Tèmítáyọ_9

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Tèmi náà akọ ni, mo rí i he lọ́dún tó kọjá. Látàárọ̀ ló ti ń wọ àwo yanrìn tó ń jáde, ó ń tiraka, ó ń kùn, kò sí nǹkan kan tó jáde. Mo rò pé ìgbẹ́ ló há. Ṣé kí n fún un ní òróró díẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Ẹranko

Tèmítáyọ, ẹ má fún un ní nǹkan kan. Ẹ gbé e báyìí, kódà bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Akọ tó ń tiraka láti tọ̀ tí ìtọ̀ kò jáde, ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ lè ti dí. Májèlé tó yẹ kó bá ìtọ̀ lọ á máa padà sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn rẹ̀ lè dáwọ́ dúró láàárín ọjọ́ 1 sí 2. Ẹ má tẹ ikùn rẹ̀ o, àpò ìtọ̀ tó kún lè bẹ́. Ẹ lọ ná, ẹ padà wá sọ fún wa.

Tèmítáyọ_9

A ti débẹ̀, a ti padà. Ó dí lóòótọ́. Wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín fa ìtọ̀ tó pọ́n jáde, wọ́n sì dá a dúró sọ́dọ̀ wọn. Ẹ ṣeun, màá ka ìyókù tí ara bá rọlẹ̀.

Àkànbí_N

Ọlọ́run á fún un lálàáfíà. Èmi rò pé tèmi ló le jù níbí.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kán oògùn sétí ológbò. Apá mi ti di ojú pátákó ìkọ̀wé, ìyàwó mi sì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ìyá_Ológbò

Hẹn-ẹn! Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n. Ẹ má lé e kiri yàrá. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura ńlá sórí tábìlì, ẹ gbé e sí àárín, kó dojú kọ ibi tẹ́ ẹ ò dúró sí. Ẹ mú etí aṣọ kan, ẹ fi gba abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ẹ wé e mọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì nínú, ẹ tún mú etí kejì wé e lé e. Orí nìkan ni yóò kù síta. Ẹ gbá a mọ́ àyà, ìdí rẹ̀ sí ikùn yín, torí ẹ̀yìn ni ológbò máa ń gbà sá.

Ẹ ti fi ìgò oògùn sábẹ́ apá kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Oògùn tútù nínú etí ló ń jẹ́ kí wọ́n fò. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka kejì fa etí sókè díẹ̀, ẹ kán an, ẹ má ti ẹnu ìgò wọnú. Kẹ́ ẹ wá fi ìka ra ìdí etí níta, ẹ ó gbọ́ tí omi inú rẹ̀ á máa dún ṣọ̀ṣọ̀ọ̀ṣọ̀. Èyí ni wọ́n fẹ́ràn, ọ̀pọ̀ wọn á gbé orí tì yín kẹ́ ẹ má dáwọ́ dúró. Ẹ jẹ́ kó gbọn orí, ẹ fi òwú nu ohun tó bá jáde síta nìkan, ẹ má ki igi kankan wọlé. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fún un ní oúnjẹ tó fẹ́ràn jù, kó má baà máa sá tó bá rí aṣọ ìnura.

Bó bá dà bíi pé etí ti mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má dá oògùn dúró. Ẹyin kòkòrò yẹn máa ń tó ọ̀sẹ̀ 3 kó tó pa tó dàgbà.

Àdùnní_B

Ẹ máa wo awọ ọmọ náà. Bẹ́ ẹ bá rí ibì kan tó rí kìrìbìtì tó pọ́n létí, làpálàpá ni, ológbò àti ọmọ máa ń kó o fún ara wọn. Kì í ṣe nǹkan àjálù, àmọ́ àwọn méjèèjì ni ẹ ó tọ́jú, ẹ ó sì fọ aṣọ ibùsùn pẹ̀lú.

Àkànbí_N

Ọjọ́ 10 ti pé, kò kú, kò ya wèrè, ó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n san owó fún. Ó ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Dókítà ọmọ ní kò nílò abẹ́rẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá mọ́. Àyẹ̀wò ìyàwó mi fi hàn pé kò ní Toxoplasma rí, torí náà èmi ni mò ń kó yanrìn, ìyá rẹ̀ sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti rí i pé mo fọ ọwọ́. Àyẹ̀wò FIV kejì ṣì sọ pé ó wà.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Tí wọ́n bá ti ṣe é tán, ṣé mo lè ṣí ilẹ̀kùn kó pàdé abo? Abo ò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ kankan.

Nọ́ọ̀sì_Ẹranko

Ẹ má tíì ṣí i. Akọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lọ́dàá ṣì lè fún abo lóyún, nítorí ohun tó kù nínú rẹ̀ ò tíì tán. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ 6 kẹ́ ẹ tó fọkàn balẹ̀. Bí àgbà bá lè gba iṣẹ́ abẹ, ẹ bi dókítà bóyá wọ́n lè yọ ilé ọmọ tiẹ̀ náà.

Ní àkókò yẹn, ẹ máa pààrọ̀ aṣọ tí wọ́n ń sùn lé, kí oníkálukú mọ òórùn èkejì. Ẹ gbé àwo oúnjẹ wọn sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kan náà, ọ̀kan ní tibí, ọ̀kan ní tọ̀hún. Bí wọ́n bá ń jẹun láìkùn síra wọn, ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ bí ìbú ìka méjì. Bẹ́ ẹ bá rí èyí tó dì mọ́lẹ̀ tó tẹjú mọ́ èkejì láìṣẹ́jú, ẹ ti í padà. Ìjà ni FIV ń gbà, nítorí náà ẹ ò gbọ́dọ̀ kánjú nídìí èyí. Àwo yanrìn mẹ́ta fún àwọn méjì, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sí yàrá kan.

Àkànbí_N

Mo ti gbọ́. Ilẹ̀kùn á wà ní títì.